Àkọ́bí Màlúù Bàbá Rájí

Bàbá mi,

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé ní Ìsẹ́yìn, "Bàbá mi ọ̀wọ́n" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí mo ń kọ sí yín, torí bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wa kọ́ wa. Ẹ ò mọ̀wé kà. Ẹ ó mú lẹ́tà náà tọ ọmọ Ààfáà lọ kó kà á fún yín, ẹ ó sì ní kó tún ibi "ọ̀wọ́n" yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ló sọ fún mi. Ẹ má bínú, lónìí ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́. Bóyá bí mo bá sọ tinú mi tán, á wá fúnra rẹ̀.

Mo ti bímọ o. Obìnrin ni. Ẹ fojú kan oyún rẹ̀, ẹ ò dúró de ọmọ. Sàfúrátù la sọ ọ́, orúkọ ìyá yín. Iwájú orí yín ló gbé wáyé, bó bá sì fẹ́ sunkún, á kọ́kọ́ họ ọ̀fun bí ẹ ti máa ń ṣe bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí púpọ̀, Bàbá. Bó bá sùn pẹ́ jù, màá gbé etí lé e láyà. Bó bá jí, màá tún máa rò ó pé kí ló jí i. Bàbá rẹ̀, tó máa ń ti Ṣakí wá wò wá, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí mo ṣe ń ṣọ́ ọmọ yìí, àfi bí ẹni pé mo gbà á sìn ni, tí olówó rẹ̀ sì ń bọ̀ wá mú un. Eré ló ń ṣe. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí ojú egbò, nítorí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa yín.

Àwọn ará yunifásítì ti padà wá sí Òfíkì. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ Ìyá níbi tí mo ti wá bímọ nígbà tí a gbọ́ ìró Lándírófà. Láti ìgbà tí ṣọ́jà ti ti bodè, mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá mọ́, nítorí náà tọmọdé tàgbà ló jáde. Èmi náà pọn ọmọ, mo jáde. Ta ni mo rí tó ń bọ́ sílẹ̀? Dókítà Kúkúrú ni. Ó ti hu ewú, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń fò látinú mọ́tò bí ẹni tó fo odò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é.

Ẹ rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni, mo wà nílé, mò ń bá yín já koríko fún ẹran. Dókítà Kúkúrú kó àwọn àgbà jọ sábẹ́ igi òrí, ó ní yunifásítì tiwa àti ti àwọn òyìnbó Jámánì kan ti dọwọ́ pọ̀. Ó ní àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran, màlúù ìlú òtútù ló kún inú ìwé tí wọ́n ń kà. Àwọn ọmọ òyìnbó náà, àìsàn ẹran ilẹ̀ gbígbóná, inú àwòrán nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Nítorí náà, wọn ó jọ máa wá sí abúlé ní ọ̀ẹ̀rùn, wọn ó máa fọwọ́ kan ẹran ààyè, olùkọ́ tọ̀hún á kọ́ ọmọ tibí, olùkọ́ tibí á kọ́ ọmọ tọ̀hún. Wọn ó máa tọ́jú ẹran wa lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ó sì mú ọmọ ìlú wa kan tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, kó lọ kọ́ iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì, kó lo oṣù mélòó kan ní Jámánì, kó sì padà wá máa ṣe é nílé.

Bàbá Rájí, ọ̀rẹ́ yín àtọdúnmọ́dún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dókítà, bí ẹ bá gbé ọmọ wa dé Jámánì, ṣé màlúù ibẹ̀ gbọ́ Yorùbá?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ fi fìlà gbá a lórúnkún.

Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Òyìnbó obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ wọn, tí ẹ̀yin ń pè ní Ìyá Oníbùútù torí kì í bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, á sọ tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó wúwo lẹ́nu, èmi á sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Àwọn àgbà á sọ ìbéèrè tiwọn, èmi á bu iyọ̀ sí i díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún un, torí ẹnu Bàbá Rájí ò mọ́. Mo mọ orúkọ àwọn abẹ́rẹ́ wọn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé etí lé ikùn màlúù. Mo rí ọmọ òyìnbó ńlá kan tó fò sókè, tó ń pariwo, torí eégbọn gun itan rẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tiwa sì ń fi ṣẹ̀sín títí tí màlúù fi ta àwọn náà nípàá.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí màlúù wa ò rí ọmọ bí? Ẹsẹ̀ ọmọ ká sínú. Apá Ìyá Oníbùútù tóbi, kò wọlé dáadáa. Ó wo gbogbo wa, ó wo apá mi, ó ní kí n ká aṣọ mi sókè. Ó fi ọṣẹ pa á fún mi dé èjìká. Ó ń sọ ohun tí ọwọ́ mi yóò bá nínú lọ́hùn-ún, mò ń bá a níbẹ̀ gẹ́lẹ́: orúnkún nìyí, pátákò nìyí, fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó má baà ya ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin wà níwájú, ẹ ń fún màlúù ní káún lá, ẹ ń pè é ní ìyá mi, ìyá mi. Nígbà tí ọmọ náà já bọ́ sílẹ̀, tó sín, ẹ wá sọ́dọ̀ mi, ẹ bọ́ fìlà yín, fìlà yín tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ẹ fi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára mi láti èjìká dé ìka. Níṣojú yín ni Ìyá Oníbùútù dì mọ́ mi, tó ní èmi ni àwọn ó mú. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín fúnra mi. Ẹ ní àlùhàmúdù lílàhì.

Wọ́n lọ. Mo dúró. Mo ti di ẹrù mi. Nígbà tó ṣe, ẹ pè mí sí ẹ̀yìn ọgbà ẹran, ẹ họ ọ̀fun, ẹ ní wọ́n ti mú Rájí. Ẹ ní, "Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní iṣẹ́ agbára ni." Mo sunkún débi pé ẹ̀yin náà nu ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra Ìyá Oníbùútù. Bí mo bá rántí bó ṣe dì mọ́ mi, ara mi á bù máṣọ. Mo ní obìnrin bíi tèmi, òun náà rí mi, ó tún gbé mi jù sílẹ̀ nítorí ọkùnrin. Mo relé ọkọ. Mo gbàgbé, tàbí kí n ní mo rò pé mo gbàgbé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú Lándírófà. Dókítà Kúkúrú rí mi láàárín àwọn obìnrin, ó nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kì í ṣe ògbufọ̀ wa nìyí? Ìwọ tí màlúù ń rí lára!"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Màlúù tí ń rí èmi lára, sà?"

"Ìwọ náà ni. Ṣebí bàbá rẹ ló wá bá wa ní ilé àlejò ní Ṣakí, òun àti ọmọkùnrin gíga kan. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti tọwọ́ bọ inú màlúù yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ mọ́. Ó ní o ní kí wọ́n má fi iṣẹ́ ẹlẹ́gbin yẹn lọ̀ ọ́ mọ́ láé. Òyìnbó obìnrin yẹn sunkún, ó ní òun ló kán ọ lójú. Títí di ìsinsìnyí, bó bá kọ̀wé sí mi, á ní báwo ni ọmọbìnrin yẹn, ṣé ara rẹ̀ ti balẹ̀?"

Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ni. Èmi tú ọmọ lẹ́yìn, mo gbé e sáyà, mo dì í mú débi pé ó ké.

Mo bá Ìyá níbi tó ti ń pa ẹ̀pà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Sàfú, òkú kì í rojọ́."

"Ẹ̀yin kì í ṣe òkú, Ìyá. Ẹ dá mi lóhùn."

Ó ní kí n jókòó. Ó ní ṣé mo mọ ẹni tó ni màlúù wa. Mo ní ti bàbá mi ni. Ó ní rárá, àgbàsìn ni. Bàbá Rájí ló fún yín sìn nígbà tí ẹ ò ní ju ewúrẹ́ lọ. Mo mọ àgbàsìn, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Òfíkì? Àkọ́bí jẹ́ ti ẹni tó ni ẹran, èkejì jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa pín in lọ. N kò ṣáà mọ̀ pé màlúù tí mò ń já koríko fún láti kékeré, àgbàsìn ni. Ìyá ní àkọ́bí rẹ̀, èyí tó yẹ kí ẹ fà lé Bàbá Rájí lọ́wọ́, òun ni ẹ tà nígbà tí mo yege láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá Rájí gbọ́, kò bínú. Ó ń bá yín jẹun nínú abọ́ kan náà lọ. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí, ó ń pè mí ní akọ̀wé. Ẹ rò pé ó ti fi jìn yín. Àfi ọjọ́ tí ó gbọ́ pé èmi ni òyìnbó fẹ́ mú. Ó wá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó jókòó, ó gba omi mu. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, màlúù mi bímọ. Àkọ́bí rẹ̀ lọ sílé-ìwé, ó mọ̀wé, ó ti fẹ́ lọ sí Jámánì. Ṣé n ò ní rí eegun kan họ níbẹ̀?"

Ìyá ní ẹ̀yin ò lè gbójú sókè. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ mú Rájí lọ sí Ṣakí.

Bàbá, ṣé èmi ni màlúù náà?

Mo mọ̀ pé orí mi ni ẹ ná owó àkọ́bí yẹn lé. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn bí mo ṣe ń fọ́mọ lọ́mú. Ká ní ẹ pè mí sẹ́yìn ọgbà ẹran lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ ní, ọmọ mi, báyìí báyìí ni mo ṣe rán ọ nílé-ìwé, ìtìjú mú mi, fi àyè yìí sílẹ̀ fún mi, ǹjẹ́ n ò ní fi í sílẹ̀? Mi ò tilẹ̀ mọ̀. Bóyá màá bínú fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ purọ́ fún òyìnbó pé èmi ni mo kọ̀, kí ẹ purọ́ fún mi pé òyìnbó ló kọ̀ mí, kí ẹ sì nu ojú pẹ̀lú mi? Irọ́ mélòó ni ènìyàn ń fi bo ìtìjú kan? Àti pé, nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, èwo lẹ rí mú? Ẹ ní ó ń rí mi lára! Ẹ̀yin tí ẹ fi fìlà nu apá mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé mo ń ṣàìsàn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé mo fẹ́ lọ ilé ọkọ? Ìyẹn ì bá sàn.

Rájí sì ń kọ́? Ó kọ́ṣẹ́ náà tán, ó lọ sí Jámánì, ó padà, ó kọjá lára Òfíkì bí ẹni tó kọjá lára ilé ẹni tí òun jẹ lówó. Kòtónù ló wà báyìí, táyà ló ń tà. Ní ọ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí ewúrẹ́ ń kú, tí ikun ń ṣàn nímú wọn, tí wọ́n ń ṣunu títí wọn ò fi lè dìde, kò sí ẹni tó lè gún wọn lábẹ́rẹ́ láti ibí títí dé Ṣakí. Mo wá kí yín nígbà náà, oyún Sàfú wà níkùn mi. Mo gbé orí ewúrẹ́ dúdú yẹn lé itan, mò ń rọ omi sí i lẹ́nu. Mo gbójú sókè, mo bá a pé ẹ ń wò mí. Ẹ wò mí pẹ́. Ẹ họ ọ̀fun. Mo dúró de ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, kò wá. Ẹ dìde, ẹ lọ sínú ilé. Nígbà yẹn mo rò pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló dùn yín. Ṣé ọjọ́ yẹn lẹ fẹ́ sọ ọ́? Kí ló mú un padà sínú? Mi ò rí yín bá dúró lórí ẹsẹ̀ yín mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ sì lọ.

Ó ku èyí tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe torí kó kàn kí wa ni Dókítà Kúkúrú ṣe wá. Yunifásítì méjèèjì ti tún àdéhùn wọn ṣe. Ìrìn àjò lọ sí Jámánì ti kúrò nínú rẹ̀, kò sí owó fún ìyẹn mọ́. Àwọn olùkọ́ òyìnbó ló máa wá kọ́ àwọn ọmọ níbí fúnra wọn, wọn ó sì tún mú ẹnì kan ní Òfíkì. Dókítà ní, "Bí kò bá rí ọ lára mọ́, wá fi orúkọ rẹ sílẹ̀ kí n tó lọ."

Ìròyìn ò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Rájí. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wa, ó jókòó sórí àpótí yín gan-an. Ó ní fún Ìyá pé àbúrò Rájí ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, pé kí Ìyá bá òun sọ fún mi kí n lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí èmi ló mọ̀ ọ́n. Ìyá ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ti fẹ́ gbà, nítorí àlàáfíà, bí ẹ̀yin náà ṣe gbà. Ẹ mọ̀ pé n kì í dá àgbà lóhùn. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Nínú àgbàsìn, ta ló ni àkọ́bí?"

Ó wò mí. "Ẹni tó ni ẹran ni. Ìyá rẹ ti ròyìn fún ọ nìyẹn."

"Ẹ ti gba àkọ́bí yín. Rájí mú un lọ sí Jámánì, ó fi ta táyà. Èkejì ń kọ́?"

Sàfú ń họ ọ̀fun lẹ́yìn mi. Bàbá Rájí ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ọwọ́ yìí náà lo fẹ́ pọ̀n lọ sí yunifásítì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ò sí nínú àgbàsìn."

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan tí kò dé ojú. Ó ní, "Ẹnu bàbá rẹ ì bá mú báyìí, ì bá tà mí lọ́jà." Ó dìde, ó lọ. Kò yà gba ẹ̀pà tí Ìyá bù fún un.

Mo lọ fi orúkọ mi sílẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Mo sì ní kí Dókítà kọ̀wé sí Ìyá Oníbùútù pé kò rí mi lára rí, pé kì í ṣe òun ló kán mi lójú. N kò sọ ẹni tó purọ́. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní gbangba. Bàbá Sàfú kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún òun. Lẹ́yìn náà ó ní òun mọ̀ ọ́n sè, òun ò kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Bí mo bá ti gbàgbé gbogbo ìwé tí mo kà ńkọ́? Bí apá mi bá ti tóbi jù, tí kò gba inú màlúù mọ́?

Káún tí a bá nínú àpò dàńṣíkí yín lọ́jọ́ tí ẹ kú wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dì í mọ́ aṣọ ọmọ. Mo ń mú un lọ.

Mo ti dé ìparí báyìí, mo sì padà wo òkè lẹ́tà níbi tí mo ti kọ "Bàbá mi". Ọ̀rọ̀ tí mo ní bóyá yóò wá, kò tí ì wá. Ẹ fún mi láyè. Ẹ ò yára sọ tiyín fún mi náà.

Mo fẹ́ràn yín, mo sì ń bá yín jà.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí màlúù kò rí lára rí.